Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀: ṣé kí n dúró ni àbí kí n máa kà á lọ fún ọmọ ọdún 9?

Màmá Àdùnní

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ bá mi dá sọ́rọ̀ yìí torí ó ti fẹ́ẹ́ dìjà láàárín èmi àti dádì àwọn ọmọ. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan báyìí tí mo ti ń ka Ògbójú Ọdẹ ti Fágúnwà fún Àdùnní, ọmọ ọdún 9 ni. Ìwé bàbá mi ni, ẹ̀yìn ẹ̀ ti já, sẹ́lótéèpù ni mo fi dì í. Tá a bá ti jẹun alẹ́ tán, a ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀, màá ka bí ojú ìwé mẹ́rin sí márùn-ún, ó di ọ̀la.

Àná la wá dé ibi tí Àkàrà-Ògùn, ọdẹ tó ni ìtàn inú ìwé náà, ti ń sọ ìtàn ìyá ẹ̀. Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kà á tipẹ́: àjẹ́ paraku ni ìyá yẹn, ibi tó ṣe nínú ilé ọkọ ẹ̀ kọjá sísọ. Lọ́jọ́ kan bàbá Àkàrà-Ògùn lọ ṣọdẹ, ó yìnbọn lu ẹran kan, ẹran náà figbe ta bí èèyàn. Ìgbà tó máa fi délé, òkú ìyàwó ẹ̀ ló bá, apá kan ara ẹ̀ jẹ́ èèyàn, apá kan jẹ́ ẹran. Kò pẹ́ sígbà yẹn tí bàbá náà fi kú.

Àdùnní tó máa ń já lu ọ̀rọ̀ mi ní gbogbo ìlà ò sọ nǹkan kan. Mo pa ìwé dé. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó ní, "Mọ́mì, ṣé ìyá yẹn fẹ́ràn ọmọ ẹ̀ ṣá?" Mi ò mọ ohun tí mo máa sọ. Ọ̀dọ̀ mi ló sùn mọ́jú, ó di etí ìró mi mú títí ilẹ̀ fi mọ́.

Dádì wọn ní ìwé àgbà ni, kí n gbé e padà sórí ṣẹ́ẹ̀fù, kí n lọ wá èyí tó ní ìjàpá. Bẹ́ẹ̀ èmi náà ò tíì ju ọmọ ọdún 10 lọ nígbà tí bàbá mi kà á fún mi, ẹ̀rù bà mí, mo sì tún ń bẹ̀ ẹ́ kó kà sí i. Ṣé kí n dúró ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti kà á fún ọmọ rí ni mo ń wá.

Tíṣà Àgbà

Màmá Àdùnní, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ títọ́. Ẹ má dúró o. Mo fi ọdún tó lé ní 30 kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kíláàsì 5 àti 6 ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, ìwé yìí la sì máa ń kà lọ́sàn-án Friday tí orí ọmọ ò bá gba ìṣirò mọ́. Ẹ bá mi sọ fún dádì wọn pé àwọn ọmọ iléèwé wà lára àwọn tí wọ́n dìídì kọ ìwé yẹn fún. Tíṣà ni Fágúnwà fúnra ẹ̀, St. Andrew's ní Ọ̀yọ́ ló ti ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìjọba gbé ìdíje ìwé kíkọ jáde ní 1936, ohun tó kọ fún ìdíje yẹn ni CMS tẹ̀ jáde ní 1938. Bàbá á ra ìwé fọ́mọ, tọ́mọ bá sùn tán òun náà á gbé e, á máa kà á nídìí àtùpà, bó ṣe di ìwé gbogbo ilé nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n wá bi yín, báwo lẹ ṣe ń kà á? Ẹ ṣí i padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ẹ máa rí i pé Fágúnwà bẹ òǹkàwé ní nǹkan méjì kó tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn rárá. Ọ̀kan nínú ẹ̀ ni pé tí ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀ nínú ìwé, kí ẹni tó ń kà á fi ara ẹ̀ sípò onítọ̀hún, kó sọ ọ́ bí ẹni pé òun gan-an ló ń sọ ọ́, tí ẹnìkejì bá sì dáhùn kó tún di ẹnìkejì. Èmi máa ń tẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Màá pín in fún wọn: ìwọ ni Àkàrà-Ògùn, ìwọ ni ọba, ìwọ ni iwin. Ọmọ tí ẹ̀rù ń bà jù ni mo máa ń fún ní ohùn iwin. Tó bá ti fi ẹnu ara ẹ̀ bú ramúramù báyìí, tó rí i pé àwọn tó kù ló ń sá sábẹ́ tábìlì fún òun, ẹ tún wo ojú ẹ̀. Ẹ fún Àdùnní ní ohùn kan lálẹ́ òní.

Arákùnrin Dáyọ̀

Ẹ má bínú, ẹ̀yìn dádì Àdùnní lèmi wà. Mo fẹ́ràn Fágúnwà, kò sí ìwé ẹ̀ tí mi ò ní nílé. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún 8, bọ̀ọ̀dá kan kà á fún wa nídìí fìtílà lọ́jọ́ tí wọ́n múná lọ, odidi sáà kan ni mi ò fi lè dá lọ sí ṣáláńgá ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló máa ń tẹ̀ lé mi, á dúró lẹ́nu ọ̀nà á máa kọrin kí n lè mọ̀ pé ó ṣì wà níbẹ̀, tó bá ti dákẹ́ kó fa èémí màá pariwo. Ẹ̀rù yẹn ò dùn mọ́ mi rárá.

Èyí tó tún ká mi lára jù ni ọ̀rọ̀ ìyá àjẹ́ yẹn. Nílẹ̀ wa níbí, wọ́n ṣì ń na ìyá arúgbó ní gbangba pé àjẹ́ ni, wọ́n ń lé ọmọ kéékèèké kúrò nílé lórí ẹ̀sùn kan náà, bẹ́ẹ̀ ìwé òfin pàápàá sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn pe ẹnìkejì ẹ̀ ní àjẹ́. Ọmọ ọdún 9 á wá gbọ́ ìtàn tí ìyá ti jẹ́ àjẹ́ tí ìbọn sì pa á, gbogbo wa á ní ó tọ́ sí i. Ìyá-ìyá ẹ̀ lè wá kí wọn lọ́la kó bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó lójú kan. Mi ò ní kẹ́ ẹ jó ìwé o, mo ní kẹ́ ẹ jẹ́ kó dàgbà díẹ̀ sí i.

Ọmọ Ọdẹ

Ọdẹ òru ni bàbá mi, lápá Òkè-Ògùn. Mo fẹ́ sọ nǹkan nípa ẹ̀rù inú ìwé yìí torí àwọn ará ìgboro máa ń rò pé Fágúnwà kàn jókòó ló ń hun nǹkan jọ.

Ọdẹ òru, ojú ẹran ló kọ́kọ́ máa ń rí kó tó rí ara ẹran. Iná kábáàdì á wà níwájú orí ẹ̀, á máa yí orí lọ á máa yí i bọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ohun tó ń wá ni ìmọ́lẹ̀ kékeré méjì tó máa tàn padà láti inú igbó. Tí mo bá tẹ̀ lé bàbá mi, ó máa ń ní kí n máa kà á sínú. Méjì, ó dáa. A tún rìn, méjì, ó dáa. Ó ní tí mo bá rí ju méjì lọ lójú kan náà, kí n má mira, kí n má sì pe orúkọ nǹkan kan, kí n ṣáà fọwọ́ kan òun léjìká.

Ẹ wá lọ ka ibi Agbákò, iwin tó bá Àkàrà-Ògùn jà. Ó dé fìlà irin, ó wẹ̀wù bàbà, ó wọ ṣòkòtò awọ, ojú 16 ló sì yí orí ẹ̀ ká. Ìgbà tí mo kà á ní sẹ́kọ́ńdírì, mi ò tiẹ̀ ráyè ti fìlà irin, ojú 16 yẹn ló mú gbogbo ara mi gbọ̀n, torí mo mọ ohun tó túmọ̀ sí kí iná orí ẹni bá irú ojú bẹ́ẹ̀ pàdé níbi téèyàn ti ń ka méjì-méjì. Ẹni tó mọ ohun tó ń ba ọdẹ lẹ́rù ló kọ ọ́. Ọmọdé á bẹ̀rù iwin níbẹ̀, èmi ń bẹ̀rù fún bàbá mi.

Arákùnrin Dáyọ̀, ọ̀rọ̀ yín nípa àwọn ìyá arúgbó wọ̀ mí lára. Mi ò ní bá yín jiyàn lórí ìyẹn.

Sísí Peckham

Ẹ kú àṣálẹ́ láti London o. Ọmọ méjì ni mo ní, ọkùnrin ọdún 11, obìnrin ọdún 7, ibí ni mo bí wọn sí. Yorùbá wọn ò gbé ìwé yìí, torí náà mo máa ń ka ìpínrọ̀ kan ní Yorùbá kí wọ́n gbọ́ bó ṣe ń dún, màá wá ka ìtumọ̀ Wọlé Ṣóyínká tó jáde ní 1968 tẹ̀ lé e. Bruce Onobrakpeya ló ya àwòrán inú ẹ̀. Èyí obìnrin máa ń fi ọwọ́ bo àwòrán tí mo bá ń kà, tó bá yá á la ìka méjì, á yọjú láàárín ẹ̀, á tún pa á dé.

Ṣóyínká yí iye àwọn irúnmalẹ̀ padà o. Nílé wa, irinwó la máa ń pè wọ́n, ó wá sọ wọ́n di ẹgbẹ̀rún lẹ́yìn ìwé. Ọmọ mi ọkùnrin bi mí pé àwọn 600 tó kù, níbo ni wọ́n ti wá. Mo ṣàlàyé fún un pé nínú Yorùbá wa kì í ṣe ohun téèyàn ń fi ìka kà, pé ó pọ̀ ni wọ́n ń sọ, àmọ́ kò gbà fún mi, ó ní òun máa kà wọ́n látìbẹ̀rẹ̀.

Màmá Àdùnní, ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín rèé. Ohun tó fi ọkàn àwọn ọmọ mi balẹ̀ wà nínú ìwé yẹn fúnra ẹ̀. Ẹ rántí pé Àkàrà-Ògùn ti darúgbó nígbà tó wá bá òǹkọ̀wé tó ní kó mú gègé àti ìwé kó máa kọ ọ́ sílẹ̀. Gbogbo ibi burúkú tá a bá dé, ẹni tó ti padà délé ló ń sọ ọ́ fún wa. Ọmọ ọdún 7 ló kọ́kọ́ rí i, èmi ò rí i. Agbákò ń jà, ó mi kanlẹ̀, ó ní, "Ṣùgbọ́n bàbá yẹn ṣì wà láàyè, àbí? Òun ló ń sọ̀rọ̀." Láti ìgbà yẹn, tí ibi tó le bá ti dé, òun ló máa ń sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n ẹ̀ pé bàbá yẹn délé.

Tíṣà Àgbà

Sísí Peckham, ẹ fún ọmọ yẹn ní bisikíìtì kan fún mi. Ẹ tún wo nǹkan kan mọ́ ọn: bàbá arúgbó yẹn kì í sọ ìtàn ẹ̀ tán lójú kan. Tílẹ̀ bá ti ṣú á dìde, á ní ó di ọ̀la, ọjọ́ kejì àwọn èèyàn á ti pé jọ síbẹ̀ tí wọ́n ń retí ẹ̀. Bí Màmá Àdùnní ṣe ń kà á ní ojú ìwé mẹ́rin, ó di ọ̀la yẹn, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nínú ìwé gan-an nìyẹn.

Ní ti Arákùnrin Dáyọ̀, mo ti rí irú ẹ̀ tẹ́ ẹ sọ yẹn, ọmọ kan wà ní kíláàsì mi tí ìyá ẹ̀ wá bá mi pé kò sùn mọ́. Mo bi ọmọ náà pé ta ló ń kà á fún un nílé, ó ní òun nìkan ló ń dá a kà lábẹ́ aṣọ ìbora pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ìwé yìí ò dáa lábẹ́ aṣọ ìbora. Kẹ́nì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tó máa rẹ́rìn-ín níbi ẹ̀rín, tó máa sì dákẹ́ níbi ìdákẹ́.

Èmi gan-an, mo ṣì kéré gan-an nígbà tí Fágúnwà kú sódò lápá Bídà ní 1963. Rédíò ló sọ ọ́, bàbá mi dìde, ó pa rédíò. Àwa ọmọ àdúgbò ń sọ láàárín ara wa pé àwọn iwin tó fi ọ̀rọ̀ wọn síwèé ló wá mú un, ẹ̀rù bà mí dé ibi tí mo fi gbé ìwé náà jù sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bàbá mi yọ ọ́ jáde, ó jókòó, ó kà á fún mi láti ojú ìwé kìíní, kò sọ nǹkan kan nípa iwin. Bí mo ṣe bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ nìyẹn.

Màmá Àdùnní

Mo ti padà dé o. Ẹ ṣeun, gbogbo yín.

Arákùnrin Dáyọ̀, ọ̀rọ̀ yín ni mo kọ́kọ́ mú lò. Mo jókòó ti Àdùnní kó tó di alẹ́, mo bi í bóyá ó mọ ẹnikẹ́ni tí wọ́n ń pè ní àjẹ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ìyá kan ní òpópó ẹ̀yìn wa, tó ń ta èédú, àwọn ọmọ máa ń sá fún un. Ọkàn mi já. Ìyá tó ń bá mi gbé garawa omi dúró nígbà tí mo lóyún ẹ̀! Mo mú un lọ síbẹ̀ nírọ̀lẹ́ náà lọ ra èédú 200 náírà tí mi ò nílò, ìyá fún un ní àgbálùmọ̀, ó bi í pé kíláàsì wo ló wà. Nígbà tá à ń bọ̀, ó ní, "Ọwọ́ ẹ̀ kàn dúdú torí èédú ni." Ká ní mi ò ka ìwé yẹn, ta ló máa sọ fún mi pé ohun tí wọ́n ń sọ láàárín ara wọn nìyẹn?

Ní ti ìbéèrè ìyá Àkàrà-Ògùn, mo sọ òótọ́ fún un pé mi ò mọ̀, pé ìwé ò sọ fún wa, pé ó ṣeé ṣe kéèyàn jẹ́ ìyá ẹni kó má ṣe dáadáa, ó sì máa ń dun ọmọ. Ó ní òun rò pé ó sunkún.

Lálẹ́ a wá dé Agbákò. Mo ṣe bí Tíṣà ṣe wí, mo fún un ní ohùn Agbákò, mo gba Àkàrà-Ògùn. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó bú débi pé dádì ẹ̀ sáré wọlé pẹ̀lú fọ́ọ̀mù ọṣẹ lójú! Lẹ́yìn ìyẹn ó ní òun fẹ́ yà á. Ó ya orí, ó fi ojú 8 sí i, àyè tán. Ó ronú, ó yí pépà náà padà, ó ya ojú 8 tó kù sí ẹ̀yìn, ó ní ṣebí wọ́n ní ó yí orí ẹ̀ ká. Ó wá gbé e sókè síbi iná kó lè rí gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Orí bẹ́ẹ̀dì tiẹ̀ ló sùn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Yorùbá ni mò ń kà ní yunifásítì, ó wù mí kí n fi nǹkan kan kún un. Ìrìn àjò Òkè Lángbòdó ń bọ̀ níwájú yín, ibẹ̀ lèmi fẹ́ràn jù. Ọba rán Àkàrà-Ògùn pé kó lọ mú ohun tó máa mú àlàáfíà bá ìlú wá láti ọ̀dọ̀ ọba Òkè Lángbòdó, òun àti àwọn akọni bíi Kàkó, Ìmọ́dòye, Olóhùn-iyọ, Èfòyè tafàtafà àti Ẹlẹ́gbẹ̀dẹ̀-ọ̀dẹ̀ tó gbọ́ èdè ẹranko. Olóògbé Wálé Ògúnyẹmí fi ibẹ̀ ṣe eré orí ìtàgé tó pè ní Langbodo, òun ni Nàìjíríà gbé lọ sí FESTAC, àjọ̀dún àṣà àti iṣẹ́ ọnà àwọn aláwọ̀ dúdú, ní 1977. Ìwé ọmọ iléèwé ló dé irú orí ìtàgé yẹn o.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́ mà, kẹ́ ẹ tó dé ibẹ̀ ẹ kọ́kọ́ dá ka ibi Kàkó. Nígbà tí wọ́n lọ mú un, obìnrin ẹ̀ dì mọ́ ọn pé kò ní lọ fi òun sílẹ̀. Kàkó pa á, ó sì bá wọn lọ. Èmi ti kà á bí ìgbà mẹ́rin, ibẹ̀ ṣì máa ń jẹ́ kí n gbé ìwé sílẹ̀. Kò jọ Agbákò. Agbákò, ẹ lè yà á lórí pépà.

Arákùnrin Dáyọ̀

Ẹ ṣé, àbúrò mi. Ibẹ̀ gan-an ni mo ní lọ́kàn tí mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́. Iwin ò ba èmi lẹ́rù mọ́, ṣùgbọ́n Kàkó jẹ́ akọni nínú ìwé, ọ̀rẹ́ Àkàrà-Ògùn ni, ìrìn àjò kàn ń tẹ̀ síwájú. Àwọn ọmọkùnrin wa ń gbọ́ o.

Sísí Peckham

Èmi ti dé ibẹ̀ pẹ̀lú àwọn tèmi, mi ò fò ó. Mo kà á, mo dákẹ́. Ọmọ mi ọkùnrin tó ń ka irúnmalẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní, "Mọ́mì, kí ló dé tí wọ́n ṣì jẹ́ kó tẹ̀ lé wọn?" Mo ní kí lòun ì bá ṣe tó bá jẹ́ Àkàrà-Ògùn. Ó ronú pẹ́, ó ní òun ì bá má mú un lọ, kódà tó bá jẹ́ òun ló lágbára jù. Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo ibi tí Kàkó bá ti ṣe gudugudu méje, ọmọ yìí ò pàtẹ́wọ́ fún un mọ́. Mi ò sọ fún un pé kó má pàtẹ́wọ́. Èmi náà, mo kà á nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún 12, mi ò rántí pé ẹnì kankan bi mí ní nǹkan kan nípa obìnrin yẹn, bí ẹni pé igi ni wọ́n gé lójú ọ̀nà. Ó dùn mí pé ó tó ọdún 28 kí n tó sunkún fún un.

Tíṣà Àgbà

Mo máa jẹ́wọ́ fún yín. Ní gbogbo ọdún tí mo fi kà á fún kíláàsì, mo máa ń sáré kọjá ibẹ̀ ni, màá ní "Kàkó sì bá wọn lọ." Ìbéèrè ọmọ yẹn ló yẹ kí n bi wọ́n. Ká ní mo ṣì wà níwájú bọ́ọ̀dù ni, màá ṣe é.

Bàbá Ìbejì

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀, ẹ jẹ́ kí n dá tèmi.

Bàbá mi kú lọ́dún tó kọjá. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn àlejò ti lọ, mo sùn sí yàrá wọn nílé, oorun ò kùn mí. Mo rí Ògbójú Ọdẹ lórí wíńdò, èyí tí wọ́n fi máa ń kọ́ wa ní Yorùbá lálaalẹ́ Sunday. Tẹ́ ẹ bá bi mí kó tó dìgbà yẹn pé kí ló wà nínú ẹ̀, Àjàntálá nìkan ni màá sọ. Ìtàn tí Ìrágbéje, bàbá ọlọgbọ́n yẹn, sọ fún àwọn akọni ní Òkè Lángbòdó nípa ọmọ tí wọ́n bí tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, tó ń na gbogbo ilé, tó wá lọ bá erin, kìnnìún, ẹkùn, ìkookò àti ewúrẹ́ gbé nínú igbó tó sì ń lù wọ́n bí ẹní lu bàrà. Bàbá mi máa ń fẹsẹ̀ kilẹ̀ tí wọ́n bá ń kà á, àwa á máa yí sílẹ̀ fún ẹ̀rín.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo wá rí i pé léèdù wà lára ìwé náà. Ibi tí àwa ti ń sùn lọ nígbà yẹn ni bàbá mi fa ìlà sí, ibi tí Ìrágbéje ti ń bá àwọn akọni yẹn sọ̀rọ̀ nípa ọmọ àti òbí. Ìlà náà wọ́ díẹ̀, ó jọ pé orí itan ni wọ́n gbé ìwé lé. Mo rò ó pé ọdún wo ni wọ́n fà á, pé ṣé ọdún tí mo sá kúrò nílé ni. Mo kà á dópin kí ilẹ̀ tó mọ́. Gbogbo àwọn tó jáde nílé lọ sí Òkè Lángbòdó kọ́ ló padà. Nígbà tí mo wà ní kékeré mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ náà, kò kàn mí.

Àwọn ìbejì mi ti pé ọdún 6. Mi ò tíì kà á fún wọn, mo kọ́kọ́ ń sọ Àjàntálá fún wọn lẹ́nu.

Ọmọ Ọdẹ

Ẹ kú ìrọ́jú, Bàbá Ìbejì. Ọlọ́run á dẹ ilẹ̀ fún bàbá. Ẹ má fi rọ́bà pa ìlà yẹn rẹ́ o.

Bàbá Ìbejì

Láéláé.

Màmá Àdùnní

Ẹ kú ìrọ́jú, sà.

A ti parí ẹ̀, lánàá. Mo dá ka ibi Kàkó bí àbúrò wa ṣe wí, mo sì pinnu pé màá kà á fún un. Ó bínú, ó ní kí n dúró ná. Ó bi mí ní orúkọ obìnrin náà. Mo wá a nínú ìwé kiri kí n tó dá a lóhùn, ó ti sọ ọ́ ní orúkọ kí n tó gbójú sókè: ó ní Àbẹ̀kẹ́ ni kó máa jẹ́. Àjàntálá náà wá dé, dádì wọn tó ní ká gbé e padà sórí ṣẹ́ẹ̀fù ló gba ohùn erin, tí wọ́n ń lu erin yẹn lójú, ó ṣubú lulẹ̀ látorí àga, àbúrò Àdùnní ọmọ ọdún 4 ní kó tún ṣubú.

Nígbà tí bàbá arúgbó yẹn dágbére tó pòórá, tó fi gbogbo èèyàn sílẹ̀ níbẹ̀, Àdùnní gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó ṣí ojú ìwé tó gbẹ̀yìn, ó yí i wò bóyá nǹkan wà lẹ́yìn ẹ̀. Mo sọ fún un pé Igbó Olódùmarè wà, èyí tó jáde ní 1949, pé bàbá Àkàrà-Ògùn, Olówó-Ayé, ló ni ìtàn inú ìyẹn. Ó ní ká bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lọ́la. Ó ní òun fẹ́ mọ irú èèyàn tí bàbá yẹn jẹ́ kó tó yin ìbọn.

Igbó Olódùmarè tèmi ti sọnù nígbà tá a kó kúrò nílé àkọ́kọ́. Ẹni tó bá mọ ibi tí mo ti lè rí ẹ̀dà tí wọ́n fi àmì ohùn sí dáadáa, tí lẹ́tà ẹ̀ ò kéré jù, kó jọ̀ọ́ sọ fún mi, torí òun ló fẹ́ máa ka èyí fún mi.

Tíṣà Àgbà

Mo ní méjì. Ọ̀kan ti lu díẹ̀ ṣùgbọ́n ojú ìwé ẹ̀ pé, mo ti fi gègé pupa ṣàtúnṣe àmì ohùn láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ibi tí Olówó-Ayé ti pàdé Èṣù Kékeré Òde. Ẹ fi àdírẹ́sì ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, màá fi bá awakọ̀ ránṣẹ́ lọ́jọ́ Monday. Kó fi ohùn ka Èṣù Kékeré Òde o.